Ìsọ̀ Kọfí Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wó

Tamale, Ọjọ́ Ajé, 6 Jánúárì 1941

Ọyẹ́ òní kì í ṣe kékeré. Ètè mi là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo ilé tí mo yẹ̀ wò ní Nyohini, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ ti ń pariwo "Wolé-wolé! Wolé-wolé!", tí àwọn ìyá wọn ń sáré da omi ìkòkò nù kí n má baà rí tanwíjí nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi ní Kúmásì kí n tó gba iṣẹ́ náà: "Ṣítù, o fẹ́ máa jẹun nídìí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fún ọ lómi mu."

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ sí Tishigu, sí ìsọ̀ kọfí Àbùbákàr. Kọfí kan, búrẹ́dì kan. Ó ti fi ẹní koríko yí ìsọ̀ náà ká nítorí ọyẹ́, ó ku ibi tóóró tí èèyàn ń gbà wọlé. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, iná èédú, òórùn atalẹ̀ àti kànáfùrù, èjìká kan èjìká lórí bẹ́ńṣì. Mo há ara mi sáàárín Fuséínì alápatà àti Bàbá Àdìsá tó ń ta obì, ará Ìlọrin. Sàrátù ọmọ Bàbá Àdìsá ni Àbùbákàr fẹ́. Sàrátù ló fi Yorùbá kí mi bí mo ti tẹ orí ba wọlé:

"Ẹ kú ìrìn o, wolé-wolé wa. Ìkòkò ta ni ẹ fọ́ lónìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kọkànlá tí wọ́n ti gbé mi wá síhìn-ín, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ mi ṣe mí ní ẹ̀fẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n kàn ń sá fún un ni.

Àlàmísì, 9 Jánúárì

Iléyá, ilé kò sì yá fún mi. Lọ́rí Kúmásì ti kún láti àná, ìsinmi ọjọ́ kan péré ni ọ̀gá sì fún wa. Mo kírun ní yídì, èrò tò lọ bẹẹrẹ, àwọn ará abúlé ti wá láti ọ̀nà gbogbo. Mo padà sí yàrá mi, mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń pín ẹran.

Ni Sàrátù bá dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá mi ní kí n bi yín, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ dá ọdún yìí ṣe ni?"

Mo tẹ̀ lé e. Àbùbákàr kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí. Ó ń bu kọfí, ó ń da mílíkì sí i bí ẹni pé mílíkì kò wọ́n. Fuséínì tó ti pa ẹran fún ìdajì ìlú sùn lọ lórí bẹ́ńṣì, ó ń hanrun. Bàbá Àdìsá bi mí léèrè orúkọ ìyá mi, agboolé rẹ̀ ní Ìlọrin, àti ẹni tó bí ìyá ìyá mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó mi orí, ó ní, "Ó dára. A ti mọ ibi tí a ó ránṣẹ́ sí bí o bá jẹ wá lówó kọfí."

Mo jẹun yó. Mo sùn dáadáa.

Ajé, 13 Jánúárì

Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Yírùnyírùn ti dé abúlé kan lọ́nà Savelugu. Sánkáráù ni àwọn Haúsá ń pè é. Orí á fọ́, ara á gbóná, ọrùn á le bí igi, ilẹ̀ lè má ṣú tán kí aláìsàn tó lọ. Èémí ló ń gbé e láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn, níbi tí èrò bá há mọ́ra lójú kan. Òjò ní í lé e lọ. Òjò kò sì ní rọ̀ kó tó di oṣù kẹrin.

Jímọ̀, 17 Jánúárì

Ó ti wọ ìlú. Àṣẹ ti jáde: kí gbogbo èèyàn máa sùn síta, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ilé ọtí pítò àti ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ kọfí wà ní títì títí òjò yóò fi rọ̀. Tishigu bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo ti àwọn ilé pítò. Wọ́n fi èdè Dàgómbà bú mi, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ Àbùbákàr, ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Màlámù, ẹ bá mi tú ẹní yìí kúrò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé."

Ó fi ọwọ́ nu ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí mo bá tú u, ọyẹ́ á pa iná mi, á sì lé àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ sílé. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Èwo ló sàn nínú méjèèjì?"

Ó tú ẹní apá kan láti tẹ́ mi lọ́rùn. Mo jókòó. Mo mu kọfí mi.

Ajé, 20 Jánúárì

Ọ̀gá béèrè pé, Tishigu ńkọ́? Mo ní ó kù díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo rí i pé wọ́n ti dá ẹní tí wọ́n tú padà. Ọyẹ́ mú. Èmi náà kò sọ pé kí wọ́n tú u.

Àìkú, 26 Jánúárì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé.

Fuséínì ní orí ń fọ́ òun. Bàbá Àdìsá ní ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù láràárọ̀, kí ni orí rẹ̀ yóò ṣe tí kò ní fọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàrátù fi atalẹ̀ kún kọfí rẹ̀, ó ní kó mu ún ní gbígbóná. Nígbà tí Fuséínì gbé ife sẹ́nu, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀. Orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo àjà, kọfí dà sí i láyà. Òun náà rẹ́rìn-ín sí i. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a ń wò àfi èmi. Èjìká mi kan tirẹ̀. Gbígbóná ara rẹ̀ ti gba inú aṣọ wọ ara mi, mo sì ti rò pé iná ni.

Èmi àti Àbùbákàr gbé e sórí kẹ̀kẹ́ mi, a tì í lọ sí ọsibítù. Kò lè jókòó gírí. Lójú ọ̀nà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀.

Ajé, 27 Jánúárì

Fuséínì kú kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá.

Ọ̀gá béèrè ibi tó ti jókòó lánàá. Mo sọ. Ó béèrè bí mo ṣe mọ̀. Mo ní mo wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ìsọ̀ tí mo ní kí o tì nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Ó wò mí pẹ́. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó kàn ní, "Ìwọ ni wàá lọ wó o lọ́la."

Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì

Mo mú lébìrà méjì dání. A kò tíì dé ìdí ìsọ̀ tí Sàrátù ti rí wa. Ó wo àwọn ọkùnrin náà, ó wo àdá ọwọ́ wọn, ó wá wò mí.

"Ẹ̀yin ni wọ́n rán?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin gan-an?"

Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fa ẹní koríko náà jọ, wọ́n ṣáná sí i. Ó ti gbẹ, iná kàn kàn án ni, ó gbà á lódindi. Wọ́n ṣí páànù, wọ́n fa òpó tu. Àwọn ará àdúgbò dúró lókèèrè. Bàbá Àdìsá dúró ní òdìkejì títì títí tí iná fi lọ sílẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi.

"Èmi kì í ṣe ọmọdé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a fún ọ jókòó ni o dáná sun yìí. Má kí mi mọ́."

Àbùbákàr fúnra rẹ̀ ló bá wa gbé bẹ́ńṣì jáde. Ó gbé ọ̀kan lé orí bí ẹni tó ń kó lọ sí ilé tuntun. Nígbà tó kọjá lára mi, ó ní, "O ti mu nǹkan láàárọ̀ yìí?"

Mo yíjú sí iná.

Wọ́n pín hóró oògùn funfun fún gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀.

Àlàmísì, 30 Jánúárì

Kí n tó dìde láàárọ̀ mo kọ́kọ́ yí ọrùn mi wò. Ó ṣì ń yí.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Kẹrosíìnì kò sí lọ́jà. Ṣúgà ti di ìlọ́po méjì owó tí a ń rà á nígbà Iléyá. Mo ra èédú díẹ̀, mo se kọfí nínú yàrá mi, mo fi atalẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń fi í sí i. Ó korò. Kì í ṣe kọfí ló burú. Mo dà á nù.

Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Àwọn èèyàn ti ń fi aláìsàn pamọ́ fún wa. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí àgọ́ àìsàn tó wà lọ́nà Gumani, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Lónìí mo wọ ilé kan, wọ́n gbé ìyá arúgbó kan jókòó ti ògiri, wọ́n fi ìborùn bò ó, wọ́n fi tẹ̀sùbáà sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní ó ń ṣe àsíkìrì, kí n má dà á láàmú. Mo kí i. Mo tún kí i. Eṣinṣin kan rìn kọjá lórí ojú rẹ̀.

Ìyá ti kú.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé, eruku kò kúrò. Mo ń ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ sálámà. Sàrátù ni. Láti ọjọ́ iná, òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti Tishigu tó wá sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Ẹ̀gbọ́n, orí ń fọ́ ọkọ mi. Ó ti ń bì láti àárọ̀."

"Ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

Ó fi ọrùn ara rẹ̀ ṣe é fún mi, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Bàbá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Ó ní ká gbé e lọ sí oko ẹnìkan títí tí ara rẹ̀ yóò fi yá. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ẹni tó bá dé àgọ́ Gumani kì í bọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ẹ má tù mí nínú, ẹ sọ òótọ́. Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

Mo ní, "Àwọn kan ń bọ̀. Àwọn tí kò bọ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n fi pamọ́ sílé, mi ò tíì rí ẹyọ kan tó yè."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó so ó le. "Ó yá, ẹ wá gbé e."

Bàbá Àdìsá dúró sẹ́nu ọ̀nà iyàrá, kò yà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Sàrátù ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá." Bàbá yà.

A gbé Àbùbákàr sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Sàrátù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bo ojú rẹ̀ nítorí oòrùn.

Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

Ilé koríko ni gbogbo àgọ́ náà, ti ọkùnrin lápá kan, ti obìnrin lápá kejì, ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Àbùbákàr kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Haúsá: ọ̀kan pẹ̀lú mílíkì, ọ̀kan láìsí, ẹ sún, ẹ jẹ́ kí àlejò jókòó.

Láràárọ̀ ni Sàrátù ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Tishigu pẹ̀lú kókó nínú agolo. Òfin ni pé kí ẹbí má wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ló yẹ kó gba kókó náà, kó gbé e fún un. Sàrátù sọ fún mi pé lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, Àbùbákàr ń tu ú dànù, àfi lọ́wọ́ òun nìkan ló máa gbé e mì. Ó wò mí. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó jẹ́ kó wọlé.

Àìkú, 23 Fẹ́búárì

Ara Àbùbákàr ti tutù! Ó la ojú, ó wo òrùlé, ó wo Sàrátù, ó ní kí ó fún òun lómi. Alhamdulillahi.

Sàrátù ń bá a sọ̀rọ̀, kò fèsì. Ó pè é, kò fèsì. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kò mira. Dókítà òyìnbó dé, ó ṣe bákan náà, ó ní àìsàn yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó lè dá èèyàn sí, kó mú etí rẹ̀ lọ.

Mo rò pé Sàrátù yóò bú sẹ́kún. Ó di ojú ọkọ rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì. "Ṣebí ó rí mi? Ẹ wò ó, ó rí mi. Èmi á máa sọ̀rọ̀, òun á máa wo ẹnu mi. A ò ní jà mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún wá tẹ̀ lé e.

Àlàmísì, 27 Fẹ́búárì

Sàrátù kò wá lónìí.

Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì

Bàbá Àdìsá ló ti kẹ̀kẹ́ ẹrù náà, fúnra rẹ̀, láti Tishigu dé Gumani nínú oòrùn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a tì í. Sàrátù ti gan lórí rẹ̀ bí ọrun. Bàbá kò fi í pamọ́. Ó gbé e wá.

Wọ́n gbé e sí ilé àwọn obìnrin. Àbùbákàr wà ní apá kejì, kò gbọ́ nǹkankan.

Àìkú, 2 Máàṣì

Sàrátù kú ní ọ̀sán òní.

Obìnrin Dàgómbà kan tí ara rẹ̀ ń yá ló wẹ̀ ẹ́. Èmi, Bàbá Àdìsá àti ẹ̀ṣọ́ la kírun sí i lára. Dókítà kò jẹ́ kí a jí Àbùbákàr, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbà á. Ilẹ̀ le, lébìrà fi díígà gbẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn tí a bò ó tán, bàbá jókòó sórí ilẹ̀. Èmi náà jókòó, mi ò sún mọ́ ọn.

"Ìwọ lo ní kí a gbé ọkọ rẹ̀ wá síbí."

"Èmi ni, bàbá."

"Ó yè."

"Ó yè, bàbá."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ mi wọlé."

"Èmi ni."

Ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Mi ò tíì mọ ohun tí n ó pè ọ́, Ṣítù. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá sọ fún ọ."

Ó dìde, ó ti kẹ̀kẹ́ ẹrù òfìfo lọ.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

Mo lọ sí iṣẹ́. Mo dé.

Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Wọ́n ní Àbùbákàr lè máa lọ sílé. Bàbá Àdìsá ní òun kò ní lè sọ ti Sàrátù fún un, pé kí ẹni tó mú wọn wá lọ sọ ọ́.

Àbùbákàr dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ó ti gbẹ, ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Kò mọ bí ohùn òun ti ń lọ sókè tó. Gbogbo àgọ́ ló gbọ́ ọ:

"Sàrátù dà? Kí ló dé tí kò wá?"

Kò lè kàwé òyìnbó. Mo la ẹnu, mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnu mi, kò yé e. Mo pa ojú dé, mo tẹ orí sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ojú rẹ̀ tú ká.

"Ó ń sùn? Jẹ́ kó sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un gba ẹ̀yìn àgọ́ lọ. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe ọ̀nà Tishigu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí ọmọdé. Mo mú un dé ibi tí ilẹ̀ ti pupa. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà, mo sì fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wo ilẹ̀.

Mi ò ní kọ ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Òun nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Àìkú, 23 Máàṣì

Ooru. Mo kọjá níwájú ilé wọn. Àbùbákàr jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹrí ba. Àbùbákàr gbé ọwọ́ sí mi. Bàbá wo ibòmíràn.

Àlàmísì, 3 Épírì

Òjò! Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri nínú rẹ̀ ní ìhòòhò. Mo dúró sábẹ́ òrùlé, mo ń wò ó. Oṣù kan ló fi pẹ́ jù.

Àbámẹ́ta, 12 Épírì

Kò sí aláìsàn tuntun. Wọ́n ti mú òfin náà kúrò. Ọ̀gá ní kí n lọ sọ fún àwọn tí mo ti ìsọ̀ wọn pé wọ́n lè ṣí i. Ní ilé pítò wọ́n fún mi ní àpótí jókòó. Mo dúpẹ́, mi ò jókòó.

Mi ò dé ìdí ìsọ̀ kọfí. Mo rán ẹnìkan síbẹ̀.

Ajé, 14 Épírì

Mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni mo rí èéfín. Àbùbákàr ti dáná sí ojú ibi tí ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀, kò sí páànù, kò sí ògiri, bẹ́ńṣì méjì àti iná nìkan. Àwọn mélòó kan ti jókòó, wọn kò mọ bí a ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí etí rẹ̀ ti di. Ọ̀kan gbé ìka kan sókè. Òmíràn na ọwọ́ sí agolo mílíkì, ó sì mi orí pé òun kò fẹ́.

Mo dúró sí òdìkejì títì. Àbùbákàr yí ẹ̀yìn sí iná, ó ń gé búrẹ́dì. Kẹ́tùlù náà hó, ó ru, ó dà sínú èédú, iná kú ní apá kan. Ó sáré padà, ó fi ọwọ́ lásán gbá ìdérí rẹ̀, ó jó o. Ó tún èédú náà kó, ó tún omi gbé ka iná.

"Wolé-wolé."

Bàbá Àdìsá ni. Kò wò mí, iná ló ń wò.

"Etí tèmi ti di ti arúgbó. Tirẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ì bá máa gbọ́ híhó omi fún un kò sí mọ́." Ó nawọ́ sí igi kan létí títì. "Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ ti igi yẹn. Wá jókòó sí ìdí iná níhìn-ín."

Mo kọjá títì. Mo jókòó sí ibi tó nawọ́ sí, èéfín ń fẹ́ sí mi lójú. Àbùbákàr rí mi, ó wo kẹ́tùlù, ó wò mí, ó yé e. Ó padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, mo gbé ọwọ́ sókè.